Ṣé a lè fi yanrìn etí òkun da òpó ilé?

Rárá, àfi tí a bá kọ́kọ́ fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́ títí iyọ̀ fi kúrò lára rẹ̀. Símẹ́ńtì fúnra rẹ̀ ló ń dáàbò bo irin inú òpó. Iyọ̀ ló ń ba ààbò yẹn jẹ́. Bí irin bá ti dípẹtà, ìpẹtà náà lè fẹ̀ tó ìlọ́po 2 sí 6 irin tó jẹ, kọnkéré ò sì láàyè fún un, ló bá sán. Ẹ ó kọ́kọ́ rí ìlà pupa gbọọrọ lára òpó, kó tó bó, kí irin tó yọ síta. Kọnkéré tí kò ní irin nínú kì í tètè bàjẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi yanrìn náà rẹ́ ògiri, yóò máa rin, ọ̀dà á sì ṣí.