Èkó sí Salvador: kí ló dé tó fi ń jẹ odidi ọjọ́ kan?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ lọ wo ọdún Yemọja tí wọ́n ń ṣe ní 2 February ní Salvador, ní Brazil. Íntánẹ́ẹ̀tì ní ibẹ̀ ò ju bíi kìlómítà 5,000 lọ sí Èkó, àmọ́ éjẹ́ńtì kan ní wákàtí 28 ni màá lò lọ́nà. Ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ lù mí ní jìbìtì? Tí mo bá gbéra ní 1 February ńkọ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, éjẹ́ńtì yẹn ò purọ́, íntánẹ́ẹ̀tì náà ò sì purọ́. Iye tó o rí yẹn, bí ẹyẹ ṣe máa fò ó gba orí òkun Àtìláńtíìkì tààrà ni, ó tó nǹkan bíi 5,080 kìlómítà, kò fi bẹ́ẹ̀ ju Èkó sí London lọ, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ péré sì ni wọ́n fi ń dé London.

Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé kò sí fláìtì tó ń ti Èkó lọ Salvador tààrà. Ọ̀nà tí mo sábà máa ń bá àwọn èèyàn gba tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ni ti iléeṣẹ́ bàálù Ethiopian Airlines: Èkó sí Addis Ababa, Addis sí São Paulo, kó o wá wọ bàálù abẹ́lé lọ Salvador. Ṣó o rí i, ìwọ̀ oòrùn lò ń lọ, ìlà oòrùn lo kọ́kọ́ forí lé, bí ẹni tó fẹ́ ti Ojúẹlẹ́gbà lọ Yábàá tó wá wọ mọ́tò Ìkòròdú! Èkó sí Addis tó 3,900, Addis sí São Paulo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10,000, ó ku bíi 1,450. Ó lé ní 15,000 kìlómítà, ìlọ́po mẹ́ta ohun tó o rò. Nínú afẹ́fẹ́ nìkan, ó tó wákàtí ogún, ìyókù, ìjókòó ni.

Ọ̀nà tó gba Lisbon, ní Portugal, kúrú jù ú lọ, àmọ́ pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nílò físà láti yà níbẹ̀, kódà tó ò bá jáde ní pápákọ̀ òfurufú.

Ní São Paulo, ibẹ̀ ni wàá ti rí imigiréṣọ̀n, wàá gba ẹrù ẹ, wàá tún un fà lé wọn lọ́wọ́ fún bàálù tó ń lọ Salvador. Àwọn éjẹ́ńtì kan máa ń fi wákàtí kan ààbọ̀ péré sáàárín bàálù méjèèjì kí owó lè wálẹ̀, má gbà o, wákàtí mẹ́ta ó kéré tán.

Nàìjíríà àti Brazil fọwọ́ sí àdéhùn fláìtì tààrà ní August 2025, torí náà kọ́kọ́ bi éjẹ́ńtì ẹ bóyá Èkó sí São Paulo tààrà wà lọ́jọ́ tó o fẹ́ lọ. Bíi wákàtí mẹ́jọ nìyẹn máa jẹ́.

Aago Salvador fi wákàtí mẹ́rin wà lẹ́yìn tiwa, aago ìlú tó o balẹ̀ sí ni wọ́n sì ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ló ń jẹ́ kí 28 jọ 24 lójú ẹlòmíì. Tó o bá kúrò l'Ékòó ní aago kan ọ̀sán 1 February, aago kan ọ̀sán ọjọ́ ọdún gan-an lo máa balẹ̀, bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀ kùtù làwọn èèyàn ti ń tò ní Rio Vermelho, àdúgbò etíkun tí wọ́n ti ń ṣọdún náà ní Salvador, láti gbé ẹ̀bùn wọn fún Yemọja. 30 January ni kó o gbéra.