Mò ń gbọ́ igbe wọn, mi ò rí wọn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbàtà kan wà lẹ́yìn ilé wa l'Ẹ̀pẹ́, t'ójò bá ti dá lálẹ́ làwọn ọ̀pọ̀lọ́ orí igi á bẹ̀rẹ̀ sí ké, àmọ́ tí n bá ti gbé fóònù lọ kí n yà wọ́n ní fọ́tò, gbogbo wọn á dákẹ́ rọ́rọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹsẹ̀ yín ni wọ́n gbọ́ jàre. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ pa tọ́ọ̀ṣì, ẹ dúró sójú kan, ẹ má mira, tó bá yá wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, akọ ló ń ké, ó fi ń pe abo ni. Ẹ mú ẹnìkan dání kó dúró lápá kejì, kí ẹ̀yin méjèèjì nawọ́ síbi tóhùn ti ń wá, ibi tọ́wọ́ yín bá ti pàdé ni kẹ́ ẹ wò, lára ewé àti koríko o, kì í ṣe ilẹ̀. Òmíì ò tó àtàǹpàkò! Mo wá ọ̀kan títí lọ́jọ́ kan, àṣé ewé ẹ̀gbẹ́ etí mi ló jókòó sí.

Ẹ má tan fíláàṣì sí i lójú, awọ ẹ̀ tutù, dídán lásán lẹ máa rí nínú fọ́tò. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi tíṣù funfun bò ó, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí fóònù á fi bá ojú ọ̀pọ̀lọ́ náà dọ́gba.

Ẹ má fọwọ́ kàn án, pàápàá tẹ́ ẹ bá ti fi oògùn ẹ̀fọn para, torí awọ yẹn náà ni wọ́n fi ń mí. Tẹ́ ẹ bá sì rí nǹkan funfun bíi ìfófòó ọṣẹ lórí ewé tó wà lókè omi, ẹyin wọn ni, àwọn ọmọ á já bọ́ sómi láti ibẹ̀. Ẹ wọ rénbúùtù o, ejò náà ń wá wọn.