Ara ń fu mí sí ilẹ̀ tí mo fẹ́ rà: ṣé kí n gbọ́ ti ọkàn mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aláró ni mí ní Òṣogbo, ọwọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ṣẹ́. Mo fẹ́ ra ilẹ̀ kan lọ́nà Ìkìrun. Àlàyé ajẹ́ńtì bọ́gbọ́n mu, àwọn ọmọ mi sì ní kí n sanwó, àmọ́ ara ṣáà ń fu mí. Èwo ni kí n tẹ̀ lé?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè, mà. Ẹ má tíì sanwó, ẹ má sì tíì ní ẹ ò rà mọ́. Iṣẹ́ ìrònú ẹ̀dá ni mò ń ṣe, ohun tí mo sì kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni ibi tí ọkàn yín ti kọ́ ohun tó ń sọ.

Tẹ́ ẹ bá ṣí ìkòkò aró láàárọ̀, òórùn ẹ̀ nìkan lè jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kò tíì tó rẹ aṣọ. Ọmọṣẹ́ lè béèrè ìdí, kẹ́ ẹ má rí àlàyé ṣe. Ìmọ̀ tó ti wọra ni: ó pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń gbóòórùn yẹn, aṣọ tẹ́ ẹ bá sì yọ, tí atẹ́gùn fẹ́ sí, ló ń sọ fún yín bóyá ó tọ̀nà.

Daniel Kahneman, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tó ti di olóògbé, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbára lé irú ìmọ̀ yìí. Gary Klein, tóun náà jẹ́ onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, ní tiẹ̀ ti wádìí bí àwọn ọ̀gá panápaná ṣe ń lò ó lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́dún 2009, àwọn méjèèjì jọ kọ̀wé, ẹnu wọn sì kò: kéèyàn tó gbára lé ohun tí ọkàn ń sọ, ohun tó ń sọ̀rọ̀ lé lórí gbọ́dọ̀ ní ìlànà tó ń tẹ̀ lé, èèyàn sì gbọ́dọ̀ ti pẹ́ nídìí ẹ̀, kó máa rí àbájáde. Pé ó dá ẹni lójú kò tó.

Ilẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ fún yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò rà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láyé wọn, ìjà ẹ̀ sì lè pẹ́ kó tó yọjú. Àmọ́ ẹ mọ èèyàn, torí ẹ ti ń bá oníbàárà dúnàádúrà tipẹ́. Ó lè jẹ́ ajẹ́ńtì gan-an lara yín ń fu sí. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé nígbà tó ní ẹlòmíì fẹ́ sanwó lọ́la ni, àbí nígbà tẹ́ ẹ béèrè olórí ẹbí, tó yí ọ̀rọ̀ padà? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó dà á rú mọ́ yín lójú.

Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Kí awọnlẹ̀ tẹ́ ẹ fúnra yín yàn gbé ìwé sọ́fè lọ sọ́fíìsì ìjọba, kó lè mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Kí lọ́yà yín rí àwọn àgbà ìdílé tó nilẹ̀. Bí ajẹ́ńtì bá ń bínú sí èyí, ẹ má sanwó. Bí gbogbo ẹ̀ bá mọ́, tí àyà yín ṣì ń já, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ owó ńlá tẹ́ ẹ fẹ́ ná ló fà á. Ẹ lè san án, lójú ẹlẹ́rìí, kẹ́ ẹ sì gba ríṣíìtì.