Ilé ti di tèmi, kí ni wọ́n tún ń gbowó lé lórí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Mo ra fúláàtì kékeré kan sí Alicante ní Spain, ó ń lọ sí ọdún mẹ́rin báyìí, mi ò yáwó báńkì, owó ọwọ́ mi ni mo fi rà á. Mi ò fi gba rẹ́ǹtì, ìgbà tí mo bá fẹ́ sinmi ni mo máa ń lọ síbẹ̀, bóyá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dún. Ìjọba ìlú yẹn ń gba tiwọn lọ́dọọdún, mo ń san, àwọn tó ń bójú tó bílídìn náà ń gba tiwọn, mo ń san. Àfi bí ẹnì kan tá a jọ nílé níbẹ̀ ṣe sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé owó orí kan tún wà tí mi ò tíì san rí, pé wọ́n ń gbà á lórí owó tí ilé yẹn ń pa wọlé. Mo ní owó wo? Èmi tí mi ò gba ẹyọ yúrò kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni! Ṣé òótọ́ ni àbí ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? — Onílé Òkèèrè

Ìdáhùn: Ọ̀gá mi, òótọ́ ló sọ fún yín o. Ní Spain, ẹni tí kì í gbé ibẹ̀ tó wá ní ilé tó tì pa síbẹ̀, ojú tí ìjọba fi ń wò ó ni pé ilé yẹn ń ṣe é láǹfààní, torí náà wọ́n á fojú bu iye kan bíi pé ó ń wọlé fún un, wọ́n á wá gba owó orí lórí owó àfojúbù yẹn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ní owó orí lórí afẹ́fẹ́ rèé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀ ò le. Ẹ mú ìwé IBI, ìyẹn owó tí ẹ ń san fún ìjọba ìlú yẹn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ valor catastral sí. Iye tí ìjọba ka ilé yín sí nínú ìwé tiwọn nìyẹn, kì í ṣe iye tí ẹ rà á, ó sábà máa ń kéré sí i dáadáa. Ká ní 60,000 yúrò ló wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti tún iye àwọn ilé ìlú yẹn gbé yẹ̀ wò láàárín ọdún 10 sẹ́yìn, 1.1% ni wọ́n máa mú nínú ẹ̀, ó di 660 yúrò, tí wọn ò bá tíì tún un wò, 2% ni, 1,200 yúrò nìyẹn. Òun ni wọ́n sọ pé ó wọlé fún yín. Ẹ ò sọ ibi tí ẹ ń gbé fún mi, tó bá jẹ́ inú EU ni, 19% lẹ máa san lórí ẹ̀, tí kì í bá ṣe ibẹ̀ tàbí àwọn bíi Norway, 24% ni, ìyẹn 158.40 yúrò tàbí 288. Ẹ rí i pé kì í ṣe owó tó máa pani.

Ibi tó ti ń dun àwọn onílé ni pé ìjọba kì í fi bíìlì ẹ̀ ránṣẹ́ bíi ti IBI, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lọ kọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní Modelo 210. Ti ọdún yìí, ọdún tó ń bọ̀ lẹ máa san án, ẹ ní àyè títí di 31 December. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin àti ìyàwó yín lẹ jọ wà nínú ìwé ilé, oníkálukú á kọ tiẹ̀, ọ̀pọ̀ tọkọtaya ni kì í mọ èyí, wọ́n á kọ ẹyọ kan wọ́n á lọ sùn.

Ti àwọn ọdún tó ti kọjá ńkọ́? Ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ kí wọ́n tó pè yín. Ẹni tó bá fúnra ẹ̀ lọ, 1% ni wọ́n máa fi kún un pẹ̀lú 1% míì fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó ti pé, tó bá ti lé lọ́dún kan ó di 15% àti èlé. Tó bá jẹ́ àwọn ló kọ́kọ́ kọ̀wé sí yín, ìtanràn nìyẹn, ìyẹn sì wúwo jù ú lọ. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ fún yín pé ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ṣé wọ́n á wá yín wá ni. Wọn ò ní wá yín, ẹ̀yin lẹ máa wá wọn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á, torí ẹni tó bá ra ilé lọ́wọ́ ẹni tí kì í gbé Spain gbọ́dọ̀ yọ 3% nínú owó náà fún ìjọba, kó dúró de owó orí lórí èrè ilé títà. Ilé 150,000, 4,500 yúrò ti wà lọ́wọ́ wọn nìyẹn kí ẹ tó rí tiyín gbà, tẹ́ ẹ bá sì ń bèèrè ṣéńjì ẹ̀ ni wọ́n á ṣí fáìlì yín.

Ti owó bílídìn tí ẹ ń san, ẹ kú iṣẹ́, ẹ má jẹ́ kó já, torí gbèsè yẹn ń tẹ̀ lé ilé ni kì í tẹ̀ lé èèyàn, ẹni tó bá ra ilé á jogún ti ọdún tó rà á àti ti ọdún mẹ́ta ṣáájú ẹ̀. Àmọ́ ẹ máa ní kí wọ́n fi ìwé ìpàdé ọdọọdún ránṣẹ́ sí yín. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jókòó fẹnu kò pé àwọn fẹ́ pààrọ̀ ẹlẹ́fétọ̀, tí owó ńlá kan tí wọ́n ń pè ní derrama á wá bá yín níbi tí ẹ jókòó jẹ́jẹ́ sí. Iná tí ẹ ò tàn pàápàá lówó nínú o, iye agbára tí wọ́n bá yín kọ sílẹ̀ lẹ ń san lóṣooṣù yálà ẹ wà níbẹ̀ tàbí ẹ ò sí, tó bá pọ̀ ju ohun tí fúláàtì kékeré nílò lọ ẹ ní kí wọ́n gé e kù.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín. Ilé mi tó wà ní Manchester, àjẹ́ńtì ló ń bá mi gbowó lọ́wọ́ ayálégbé látìgbà tí mo ti kó kúrò ní England. 1,000 pọ́n-ùn lóṣù, 100 ni tiwọn níbẹ̀, mo ń retí 900, 720 ni mo ń rí! Wọ́n ní ìjọba ló ní káwọn yọ ọ́. Ṣé kì í ṣe olè nìyí? — Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì bá wọn jà. Onílé tó bá ń gbé lẹ́yìn odi UK, àjẹ́ńtì ẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ 20% nínú ohun tó bá kù lẹ́yìn ìnáwó ilé kó sì san án fún HMRC, ìyẹn àjọ tó ń gba owó orí ní UK. 20% nínú 900 jẹ́ 180, 720 yín nìyẹn, ìṣirò wọn pé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn ni ìwé NRL6 ọdọọdún, òun ló ń fi hàn pé owó náà dé ọ̀dọ̀ ìjọba lóòótọ́, tí wọ́n bá ń yí ẹnu pọ̀ lórí ìyẹn, ìgbà yẹn ni kí ẹ bínú.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa gba 900 yín pé, ẹ kọ fọ́ọ̀mù NRL1i sí HMRC, tí wọ́n bá ti gbà á wọ́n á sọ fún àjẹ́ńtì kó má yọ nǹkan kan mọ́. Àmọ́ ẹ gbọ́ mi o, wọn ò fi owó orí jì yín, ẹ̀yin lẹ máa wá kọ ìṣirò ọdún yín fúnra yín kó tó di 31 January. Tí orílẹ̀-èdè tí ẹ ń gbé bá tún fẹ́ gba owó orí lórí owó kan náà, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní àdéhùn pẹ̀lú UK, kí ẹ sì kó ẹ̀rí ohun tí ẹ ti san lọ, torí kò sẹ́ni tó máa bá yín yọ ọ́ tẹ́ ò bá bèèrè.

Nǹkan kan tún wà. Council tax, ìyẹn owó tí council, ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ń gbà lórí ilé, ayálégbé ló ń san án, ọjọ́ tó bá kó jáde ó ti padà sọ́rùn yín. Láti April 2024, ilé tó bá ṣófo fún ọdún kan gbáko láìsí àga láìsí bẹ́ẹ̀dì nínú ẹ̀, àwọn council ní England lè gba ìlọ́po méjì. Tó bá jẹ́ fúláàtì ni, ẹ fún àwọn tó ni bílídìn ní àdírẹ́sì ibi tí ẹ wà gan-an. Tí iṣẹ́ òrùlé bá máa ná onífúláàtì kan ju 250 pọ́n-ùn lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí yín ṣáájú. Ayálégbé kì í ṣí irú létà bẹ́ẹ̀, ó máa wà lórí fíríìjì títí bíìlì á fi dé.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ní Dubai kò sí owó orí ilé rárá. Ṣé kí n sáré lọ rà?

Ìdáhùn: Lóòótọ́, kò sí owó orí ilé ọdọọdún níbẹ̀. Àmọ́ 4% wà nígbà tí wọ́n bá ń gbé ilé sórúkọ yín, lẹ́yìn ìyẹn owó ìtọ́jú bílídìn ń bọ̀ lọ́dọọdún, wọ́n sì ń kà á ní square foot kọ̀ọ̀kan, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ àti jíìmù tó wù yín nínú fọ́tò yẹn wà nínú ẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi bíìlì ọdún méjì sẹ́yìn hàn yín kí ẹ tó sọ iye kankan.