Poco F1 tí ojú rẹ̀ kò gbọ́ ọwọ́: wá log ná kó o tó ṣí driver

Àbúrò, mo ti ka gbogbo àlàyé rẹ. O kọ́ kernel tìrẹ (ọkàn ètò tó ń darí fóònù) fún Poco F1, àwòrán ń hàn, Wi-Fi ń já geere, ṣùgbọ́n o lè fi ìka rọ́ ojú fóònù títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní gbọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, o kàn fi insmod gbé module touch (apá kernel tó ń bójú tó ìfọwọ́kàn) wọlé báyìí, fóònù ti kú, ó ti tan padà, tó o bá sì wo dmesg (log, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí kernel ń kọ), kò sí ohun tó jọ ọ́ níbẹ̀. O wá ń béèrè bóyá kó o gbé driver (kóòdù tí kernel fi ń bá ẹ̀rọ kan sọ̀rọ̀) ti fóònù mìíràn wá kó o máa tún un kọ. Jọ̀ọ́, má tíì kọ ohunkóhun. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá irú èyí jà, touch tó kọ̀ nítorí pé kóòdù driver burú kò tó nǹkan lọ́wọ́ mi. Bí kì í bá ṣe pé iná ò dé ọ̀dọ̀ chip náà, á jẹ́ pé chip tí kernel ń pè kọ́ ló wà níbẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Poco F1 jáde ní 2018, Snapdragon 845 ló wà nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ojú wọn kò dọ́gba. Oríṣi méjì ló wà: Tianma, tó ń lo chip NT36672A ti Novatek, àti EBBG, tó ń lo FT8719 ti FocalTech. Ìdí nìyí tí mainline (kernel Linux gan-an) fi ní fáìlì dts (èyí tó ń sọ ohun tó wà nínú fóònù fún kernel) méjì fún fóònù kan ṣoṣo, sdm845-xiaomi-beryllium-tianma.dts àti sdm845-xiaomi-beryllium-ebbg.dts. Dá fóònù padà sí ROM (ètò) tó bá a wá, gba root (àṣẹ gíga jùlọ lórí fóònù), kó o tẹ `grep -o 'tianma\|ebbg' /proc/cmdline`. Bootloader, ètò tó ń gbé kernel dìde, fúnra rẹ̀ ló ń kọ orúkọ yẹn sínú cmdline, ọ̀rọ̀ tó fi ń rán kernel. Tí dts tó o lò bá yàtọ̀ sí ohun tó sọ, ọwọ́ rẹ ti ba ọ̀tá nìyẹn, o lè má ka ìyókù.

O lè sọ pé, ṣebí àwòrán ń hàn, dts mi á ti tọ̀nà. Rárá o. Bootloader ti tan ojú fóònù kó tó gbé kernel dìde, simple-framebuffer, driver àwòrán kékeré, ò sì ṣe ju pé kó máa ya nǹkan sórí ohun tí bootloader tàn sílẹ̀ lọ. Àwòrán á máa dán, driver panel (ojú fóònù) lè má tiẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀. Èyí sì kan touch gbọ̀ngbọ̀n, torí nínú oríṣi méjèèjì tí mo dárúkọ yẹn, chip tó ń ya àwòrán náà ló tún ń gbọ́ ọwọ́. Tí driver panel bá pa iná, tàbí tó fa pin reset (ẹsẹ̀ chip tó ń mú un bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun) sílẹ̀ lẹ́yìn tí touch ti bẹ̀rẹ̀, touch kú nìyẹn, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Tí fóònù náà bá jẹ́ tòkunbọ̀, béèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ojú rẹ̀ rí. Èyí tí mo fi kọ́ṣẹ́, oníṣẹ́ fóònù kan ti fi ojú mìíràn sí i kí n tó rà á. Cmdline ń sọ tianma, àwòrán ń hàn, log driver sì ń pariwo "chip is not identified". Driver Novatek máa ń ka nọ́ńbà ara chip, á wá a nínú tábìlì tó wà nínú rẹ̀. Tí kò bá rí i, á kó ẹrù rẹ̀. Kò sí dts tó lè wo ìyẹn sàn, àfi kéèyàn lọ ra ojú tó bá a mu.

Ní ti kíkú tó ń kú, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni pé kí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ má bàa bá a lọ. Dmesg tó ò ń kà lẹ́yìn tó bá tan padà, ti kernel tuntun ni. Èyí tó kú ti kó tirẹ̀ lọ. Ramoops, tó ń tọ́jú log sínú RAM kó má bàa nù nígbà tí fóònù bá tan padà, ló ń gbà wá níbí. Fi CONFIG_PSTORE, CONFIG_PSTORE_RAM àti CONFIG_PSTORE_CONSOLE sí config kernel rẹ, kó o sì ya ibì kan sọ́tọ̀ fún un lábẹ́ reserved-memory nínú dts. Fi panic=5 kún cmdline kó lè tan ara rẹ̀ padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 5; tó bá dúró gbagidi, bọ́tìnì power ni wàá dì mú pẹ́, ìyẹn sì lè fọ ohun tó wà nínú RAM dànù. Lẹ́yìn náà, fi ọwọ́ ara rẹ pa á: `echo c > /proc/sysrq-trigger`. Tó bá tan padà, tó o bá console-ramoops-0 nínú /sys/fs/pstore, tó o sì rí "sysrq triggered crash" nísàlẹ̀ rẹ̀, ìgbà yẹn lo tó lè fọkàn tán an. Má fo èyí o. Mo mọ àwọn tó gbà pé fóònù àwọn kì í fọhùn kó tó kú, tó jẹ́ pé recovery (ètò ìtúnṣe tó wà lórí fóònù) tí wọ́n fi ń ka pstore ló ń wo ibòmíràn. Lórí Poco F1, recovery ní kernel tirẹ̀ lọ́tọ̀. Tí àdírẹ́sì àti ìwọ̀n ramoops tirẹ̀ ò bá bá tìẹ mu, òfìfo lo máa rí. Ó kúkú yá kó o fi kernel tìẹ kan náà, láìsí module touch, tan án padà láti kà á.

Ayé Nexus 4 àti Nexus 5 dùn ju èyí lọ. Ihò earphone ni console (log kernel) ń gbà jáde, wáyà kan péré, ò ń ka ohun gbogbo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Tí log bá ti wà lọ́wọ́ rẹ, wo bó ṣe parí kó o tó wo ohun tó sọ. Tó bá parí sí "Unable to handle kernel NULL pointer dereference" pẹ̀lú Call trace (orúkọ àwọn function tó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà) gígùn lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ rẹ dára: kernel ló kú, ó sì ti sọ ibi tó kú sí. Èyí tó burú ni log tó gé láàárín ọ̀rọ̀, tí kò sí panic, tí kò sí ẹ kú ilé. Ìyẹn kì í ṣe kernel ló pa ara rẹ̀, ohun tó ju kernel lọ ló pa á. Lórí fóònù yìí, GPIO (àwọn pin chip) 0 sí 3 àti 81 sí 84, TrustZone (apá ààbò tí kernel kò lágbára lé lórí) ló ni wọ́n, kernel ò gbọ́dọ̀ yọjú wò wọ́n rárá. Tí `gpio-reserved-ranges = <0 4>, <81 4>;` ò bá sí lábẹ́ tlmm (apá tó ń darí àwọn pin) nínú dts, `cat /sys/kernel/debug/gpio` lásán á pa fóònù, torí gbogbo pin ló fẹ́ kà lẹ́sẹẹsẹ, láti orí 0. Èèyàn á ní òun kàn ń wòran ni! Register (ibi tí chip ń tọ́jú ìtọ́ni sí) tí clock rẹ̀ wà ní pípa náà ń ṣe irú ẹ̀: o kà á, bus (ọ̀nà tí dátà ń gbà) dúró, watchdog (aago tó ń ṣọ́ fóònù tó bá dákú) á wá tan fóònù padà láìsọ nǹkan kan. Nítorí náà, module touch tìẹ tó ń pa fóònù, pin reset àti pin irq (èyí tí chip fi ń pe kernel) rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ wò, pàápàá tó bá jẹ́ ara dts fóònù mìíràn lo ti kó wọn wá.

Tí kò bá kú ṣùgbọ́n tí kò gbọ́, wo nọ́ńbà òdì tó wà nídìí ìlà probe (ìgbà tí driver ń wá chip rẹ̀). -517 fúnra rẹ̀ kì í ṣe àbùkù. Driver ń sọ pé ohun tí òun gbára lé kò tíì dé, òun á padà wá. Tó bá wá ń padà wá títí, ṣí /sys/kernel/debug/devices_deferred, wàá bá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Lọ́wọ́ tèmi, regulator (ohun tó ń pín iná) tí o gbàgbé driver rẹ̀ nínú config ló sábà máa ń fà á. Tó bá jẹ́ -6 látọ̀dọ̀ i2c (bus tí chip touch wà), chip ò dáhùn ní àdírẹ́sì yẹn: wo regulator_summary bóyá iná touch wà ní títàn, kó o tún àdírẹ́sì wò. FocalTech sábà máa ń wà ní 0x38. O lè fi `i2cdetect -r` wá a, ṣùgbọ́n lórí bus touch nìkan o. Bus tí chip ṣáàjì àti bátìrì wà, má fi ṣeré. Tí debugfs (/sys/kernel/debug) bá ṣófo, `mount -t debugfs none /sys/kernel/debug`.

Tí insmod bá ń sọ "disagrees about version of symbol module_layout", ìyẹn kò le: module àti kernel kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Kọ́ méjèèjì pọ̀, má fipá tì í wọlé.

Kernel tó o bá ń dán wò, má tíì fláàṣì í. `fastboot boot boot.img` á gbé e dìde láìkọ ọ́ sórí fóònù. Kó o sì tọ́jú vmlinux rẹ̀ (kernel náà tí a kò tíì fún pọ̀), torí òun ni scripts/faddr2line máa fi sọ ìlà kóòdù tó wà lẹ́yìn orúkọ function inú Call trace. Iná lè lọ, wàá tún un kọ́ lọ́la pẹ̀lú config tó ti yí díẹ̀, vmlinux tuntun ò ní bá log àná mu mọ́. Fódà kan fún kíkọ́ kan, pẹ̀lú boot.img rẹ̀ nínú.

Fi ohun tí grep sọ ránṣẹ́, ìparí console-ramoops-0, devices_deferred, àti apá touch nínú dts rẹ. Má gé log náà kúrú, kódà tó bá ń ṣe ọ́ bíi pé kò sí nǹkan níbẹ̀.