"Ìyàwó mi rò pé mo ti fẹ́ òmíràn sí Àjàṣẹ́"

Òǹkàwé wa kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, l'Ákùúrẹ́, ló kọ̀wé sí mi. Ẹni ọdún 38 ni, ó níyàwó, ó bímọ méjì, ó sì di ipò kan mú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Oṣù méjì-méjì ló ń lọ ra àǹkàrá ní ọjà Dàǹtọ́kpà, ní Kútọnu, ní ilẹ̀ Benin. Lọ́dún tó kọjá, ó yà sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ gbowó lọ́wọ́ oníbàárà kan, ló bá ṣìnà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n kọ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Brazil. Ó gbọ́ ariwo àwọn tó ń ta ayò nínú agbo ilé kan, ó yọjú, ìyá àgbàlagbà kan sì kí i káàbọ̀ ní Yorùbá. Kò sí pátákó níta, aṣọ títa ni ilẹ̀kùn wọn. Àṣé ilé ọtí ni.

Látìgbà náà, bó bá ti ra ọjà tán, á sun ọjọ́ kan sí i ní Àjàṣẹ́. Ohun tó sì ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ ni pé kọ́sítọ́ọ̀mù dá òun dúró ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó pè é lórí fóònù, ó gbọ́ ohùn obìnrin lẹ́yìn rẹ̀: "Wá jẹun o, oúnjẹ ti délẹ̀." Ilé ò rọgbọ mọ́. "Màmá, ṣé kí n jẹ́wọ́ ni, àbí kí n kàn má débẹ̀ mọ́, kí ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀ rọlẹ̀?"

Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ. Ibi tí mo dúró lé jù ni ibi tí o ti sọ pé ìyá náà ta ọtí sílẹ̀ díẹ̀ kó tó bu tìẹ fún ọ, tó gbé wàràkàṣì díndín àti ata gígún síwájú rẹ, tí ẹnikẹ́ni ò sì bi ọ́ léèrè ohun tí o wá ṣe. Ó yé mi. Ilẹ̀ òkèèrè ni Àjàṣẹ́: Faransé ni wọ́n ń sọ ní ọ́fíìsì, séfà ni wọ́n ń ná. Kó rẹ èèyàn tẹnutẹnu nírú ibẹ̀, kí ẹnìkan wá ṣàdédé sọ fún un pé "ẹ kú ìrìn", ìyẹn ń tu ni lára ju ọtí lọ.

Bàbá mi náà ní irú ibẹ̀ ní Òkè-Àró. Ẹ̀yìn ilé ọkùnrin kan tó ń dá ẹmu ni, àlejò ò lè mọ̀ pé nǹkan kan ń lọ níbẹ̀. Mo ṣì ń rí igbá náà: ìfófòó funfun lẹ́nu rẹ̀, oyin méjì ń jàjàyè nínú rẹ̀, bàbá mi á rọra fi ìka kó wọn sórí ewé kó tó mu. Ìyá mi kì í mu ẹmu, kò sì fẹ́ kí bàbá mi máa pẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ ó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Òun ló máa ń rán mi: "Lọ sọ fún bàbá rẹ pé iyán ti délẹ̀." Ìyàwó tìrẹ gbọ́ irú gbólóhùn yìí lẹ́nu obìnrin mìíràn, ní òru tí o ní Sẹ̀mẹ̀ lo wà. Kí lo fẹ́ kó rò?

Nítorí náà, jẹ́wọ́. Má fi ọ̀rọ̀ ilé ọtí bẹ̀rẹ̀. Irọ́ Sẹ̀mẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ sọ, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀, kí o tó ṣàlàyé ohunkóhun. Bó bá bínú, jẹ́ kó bínú. Bí o bá kàn jáwọ́ láìsọ̀rọ̀, ohùn yẹn ò ní kúrò létí rẹ̀ láé. Ti ipò tí o dì mú ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìwọ àti pásítọ̀ rẹ ni kẹ́ ẹ jọ sọ ọ́.

Ẹ̀rù sódábì, ọtí líle ibẹ̀, tí o ní wọ́n rẹ egbò igi sí bíi páràgà bà mí díẹ̀. Ẹmu ni wọ́n ń sè nínú àgbá, tí ooru rẹ̀ á gba inú páìpù la omi tútù kọjá kó tó máa kán, bí wọ́n ṣe ń ṣe ògógóró ní Ìlàjẹ. Àmọ́ ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó ni wá, a ò gbọdọ̀ gbàgbé Òde-Ìrèlè. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, èèyàn tó lé ní 15 kú níbẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Orí fọ́ wọn, ojú wọn ṣókùnkùn. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń jà; àyẹ̀wò wá fi hàn pé methanol, irú ọtí olóró kan, ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Kò ní àwọ̀, ahọ́n ò sì lè dá a mọ̀. Bi ìyá yẹn léèrè ẹni tó ń sè é fún un. Bí ojú rẹ bá sì ń ṣe bàìbàì lẹ́yìn tí o mu ún, má sọ pé o fẹ́ sùn ún kúrò, ọsibítù ni kí o gbà lọ.

Bí ara ìyàwó rẹ bá ti balẹ̀ díẹ̀, bẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ jọ lọ nígbà tí o bá tún ń lọ rajà. Kẹ́ ẹ tó gbéra, ra obì àbàtà tó dára ní Ọjà Ọba fún ìyá náà, kí o sì jẹ́ kó jẹ́ ìyàwó rẹ ló máa gbé e lé e lọ́wọ́.