Ẹ wọn yoke kẹ́ẹ tó so nǹkan kan mọ́ mọ́nítọ̀ arcade yẹn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní mọ́nítọ̀ arcade inch 19 yín, ti ẹ̀rọ géèmù olówó ẹyọ yẹn, ń gbọ̀n, àwòrán ẹ̀ tún ń tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan sì wà nílẹ̀ tó ti kú, ṣé ẹ lè yọ kapásítọ̀ àti flyback (ẹ̀yà tó ń gbé high voltage wá fún tube) inú ẹ̀ lò. Kapásítọ̀ electrolytic, àwọn tó rí bí àgbá kékeré yẹn, rárá o. Bí tiyín ṣe gbó ni ti tẹlifíṣọ̀n náà gbó, omi inú ẹ̀ ti gbẹ, òkú lẹ fẹ́ fi rọ́pò òkú. Ẹ ra tuntun, kí fóltéèjì ẹ̀ má kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ẹ mú èyí tó lè gba ooru 105 digírì, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí negative wà kẹ́ẹ tó jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, ó tán. Flyback náà, àfi tí nọ́ńbà ara ẹ̀ bá bá tiyín mu pátápátá.

Àmọ́ ohun tó jẹ́ kí n dá yín lóhùn ni ti tube (gíláàsì tí àwòrán ń yọ lójú ẹ̀) àti yoke (wáyà tí wọ́n wé sọ́rùn tube, tó ń darí àwòrán), torí ọ̀nà tí ẹ ń tọ̀ yìí, ibẹ̀ ló máa já sí, ibẹ̀ ló já èmi náà sí. Tube mọ́nítọ̀ tèmi ti jó, tẹ́ẹ bá paná ẹ̀ tán ẹ ṣì máa ka INSERT COIN lójú ẹ̀. Mo wá rí tẹlifíṣọ̀n inch 19 kan tí tube ẹ̀ mọ́ rekete. Mo lọ bá ọ̀gá kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, mo ní ṣé kí n gbé yoke mọ́nítọ̀ sórí ẹ̀ ni àbí kí n lo èyí tó bá tube yẹn wá. Kò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ní ṣebí inch 19 ni méjèèjì, kí n ṣáà so èyí tó bá tube yẹn wá. Mo so ó. Àwòrán yọ kedere, inú mi dùn débi pé mo pe àwọn ará ilé wá wò ó. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo gbọ́ pàá, ojú ẹ̀ ṣú, HOT, ìyẹn tíránsísítọ̀ tó ń ti iná sínú yoke, ti ṣọ́ọ̀tì, ó sì gbé fíùsì lọ. Mo fi òmíràn sí i, ìyẹn lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo padà lọ bá ọ̀gá, ó ní ayédèrú HOT ni mo rà. Mo tún ra ẹ̀kẹta, ti olówó gọbọi, mo tàn án fún ìṣẹ́jú méjì péré, mo paná, mo dúró díẹ̀, mo wá fọwọ́ kan irin heatsink ẹ̀ tó ń fa ooru kúrò lára ẹ̀, ṣe ló bó mi níka.

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbé míta. Horizontal yoke mọ́nítọ̀ mi, apá tó ń darí àwòrán sọ́tùn-ún sósì, gbé 2.3 ohm, ti tẹlifíṣọ̀n yẹn gbé 1.2. Bí i ìdajì! Iná tó ń gba inú ẹ̀ kọjá pọ̀ ju èyí tí chassis (bọ́ọ̀dù mọ́nítọ̀) lè gbé lọ, bẹ́ẹ̀ HOT ń tàn ó ń kú nǹkan bí 15,700 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo ìyà yẹn orí ẹ̀ ló ń dà lé. Inú ṣì ń bí mi. Tí ọ̀gá yẹn bá ní òun ò mọ̀, ṣé mo máa bá a jà ni? HOT mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí ẹnì kan ò fẹ́ sọ pé òun ò mọ̀. Mo gbé yoke mọ́nítọ̀ sọ́rùn tube tẹlifíṣọ̀n, mo to àwọ̀ àti convergence ẹ̀ (kí àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé lójú kan), ó ń ṣiṣẹ́ títí dòní.

Ẹ jọ̀ọ́, kapásítọ̀ kan tún wà nítòsí HOT tí wọ́n kọ 1600V tàbí 2000V sí lára. Ẹ má fi èyí tí iye microfarad ẹ̀ kéré rọ́pò ẹ̀ láéláé, high voltage á fò sókè, HOT á lọ, X-ray tó ń jáde lójú tube náà á pọ̀ sí i. Iná tó wà nídìí rọ́bà anode, èyí tó lẹ̀ mọ́ ara tube, lè ju 20,000 volt lọ, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì. Tẹ́ẹ bá fẹ́ fi sukúrúdíráfà tú iná yẹn dànù, wáyà ilẹ̀ tí kò ní rọ́bà tó gba ẹ̀yìn tube kọjá ni kẹ́ẹ so ó mọ́, kì í ṣe ilẹ̀ orí bọ́ọ̀dù, tẹ́ẹ bá ti tú u dànù lẹ́ẹ̀kan ẹ dúró ìṣẹ́jú díẹ̀ kẹ́ẹ tún un ṣe, torí ó máa ń padà wá. Ọrùn tube náà, ẹ má fi ohunkóhun gbá a, tí afẹ́fẹ́ bá fi lè wọ inú ẹ̀ báyìí ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀n-ẹ́n, tẹlifíṣọ̀n yín. Ẹ tọ́jú tube ẹ̀, heatsink, socket ọrùn tube àti wáyà ilẹ̀ yẹn. Ẹ yọ yoke méjèèjì kúrò lára chassis kẹ́ẹ wọ̀n wọ́n, horizontal àti vertical, ẹ kọ iye ohm wọn pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lára tube méjèèjì ránṣẹ́ sí mi kẹ́ẹ tó tan nǹkan kan, màá bá yín wò ó.